Agbádá Inú Àpótí Bàbá Mi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, Jímọ̀ tí mo bọ́ agbádá lójú gbogbo ará Fọlá Àgòrò ò ní kúrò lọ́kàn mi.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ladi-Lak, ní Ṣómólú níbí. Kò sẹ́ni tí wọn ò rán aṣọ fún, àfi èmi. Òkìrìkà ni wọ́n máa ń rà fún mi tí Iléyá bá dé. Ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ò ju kí n wá dúró, kí wọ́n dán aṣọ aláṣọ wò lára mi: "Má mira!" Ó dùn mí títí mo fi dàgbà.

Nígbà tí wọ́n kú, tí a ṣàdúrà ogójì ọjọ́ tán, èmi àti Sìkírà àbúrò mi lọ palẹ̀ yàrá wọn mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti fa àpótí páànù kan jáde. Agbádá tuntun ló wà nínú ẹ̀. Mo gbé e sọ́rùn, ó bá mi mu géẹ́! Ó tún ní àpò kékeré kan tó fara pamọ́ lápá òsì. Mo ti fóònù mi bọ̀ ọ́, ó gbà á. Ni mo bá bú sẹ́kún.

"Sìkírà, bàbá rántí mi! Wọ́n mọ̀ pé fóònù mi máa ń sọnù!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o. Àpótí télọ̀ nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè."

Mo ní ìlara ló ń ṣe é. Ṣé èmi kọ́ ni àkọ́bí ni?

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ooru mú, mi ò wọ bùbá sábẹ́ agbádá. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu jára ni mo wọ̀. Ṣebí agbádá á bo àṣírí. Kò sẹ́ni tí mo pàdé lọ́nà mọ́ṣáláṣí tí mi ò sọ fún pé bàbá mi ló rán an sílẹ̀ dè mí.

Bí a ṣe kírun tán, Àlàájì Múfú, bàbá arúgbó kan tó ń ta pákó, di etí agbádá mi mú.

"Ọmọ Télọ̀, níbo lo ti rí aṣọ mi?"

Inú bí mi. "Aṣọ yín kẹ̀? Àlàájì, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run o!"

Èrò ti ń pé lé wa lórí.

"Ó dáa. Àpò kan wà lápá òsì. Eyín mi tí mo máa ń yọ ni mo ní kí bàbá ẹ ṣe é fún. 'Ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀,' ló ń sọ fún mi títí àìsàn fi dé. Ojú wá ń tì mí láti máa béèrè aṣọ lọ́wọ́ aláìsàn."

Àlàájì fa fóònù mi jáde, wọ́n yọ eyín lẹ́nu, wọ́n tì í bọ inú àpò náà. Ó bá a mu ju fóònù lọ. Yéè, mo gbé! Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo bọ́ agbádá, ihò síńgílẹ́ẹ̀tì mi sì ń kí gbogbo jàmáà.

"Àlàájì, ẹ dákun, kí ló dé tó fi bá mi mu?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnu òfìfo. "O ti gbàgbé ni? Gbogbo àwa tí ìwọ̀n ara wa bá tìẹ mu ládùúgbò yìí, ara ẹ ni bàbá ẹ fi ń wọn aṣọ wa. Ó máa ń ní, 'Aṣọ tó bá ti yẹ ọmọ mi, ẹ máa gbé e lọ.'"

Omi bọ́ lójú mi, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni mo wọ̀ rìn délé. Sìkírà wò mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wá béèrè báyìí?"

Mo ti gbọ́n. Mi ò tún jẹ́ ṣí àpótí télọ̀ kí n má wá aláṣọ. Ṣùgbọ́n mi ò bínú sí bàbá mi mọ́. Wọ́n rán aṣọ fún mi, ó tiẹ̀ pọ̀. Àwọn àgbàlagbà Ṣómólú ló kàn ń bá mi wọ̀ ọ́.