Ìyá Ẹlẹ́ja Wá Ẹja Odò Dé Àárín Ìlú

Ogójì ọdún ni Ìyá Ẹlẹ́ja fi ta ẹja létí odò kó tó wá sí ìlú ńlá fún iṣẹ́ abẹ ojú. Bándéèjì ṣì bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ lo oògùn láìjẹun, àmọ́ látàná, kò sóhun tó wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ilé oúnjẹ kẹta tí ọmọ rẹ̀ mú un dé nìyí. Ọmọ fi í jókòó, ó lọ wá ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Agbáwo kan tó so táì mọ́rùn bí ọkọ ìyàwó sún mọ́ ọn. Fáànù ń pariwo lókè.

"Ẹ káàsán, mà. Kí lẹ máa jẹ?"

"Ẹja odò ni, ọmọ mi."

"Ẹja odó? A kì í gún ẹja níbí, mà. Dídín la máa ń dín in."

"Ta ló ní kó o gún un? Odò! Omi tó ń ṣàn! Ẹja tútù ni mo fẹ́."

"Tútù kẹ̀! Tiwa tutù débi pé ó ti le koko. Òòlù la fi ń là wọ́n níyà."

"Yìnyín nìyẹn. Ṣé ẹ ní àrọ̀?"

"Ti àárọ̀ ti tán, mà. Ọ̀sán ti pọ́n."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Àrọ̀ ni mo wí! Èyí tó nírùngbọ̀n!"

Agbáwo wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá wa nìkan ló nírùngbọ̀n níbí, mà."

"Ṣé ó dùn lọ́bẹ̀?"

"Ọ̀gá wa? Háà! Wọ́n korò o!"

Ẹ̀rín pa Ìyá. Agbáwo sáré wọlé, ó gbé àwo kan jáde.

"Ẹja odò gidi rèé, mà. Kò tíì pẹ́ tó kúrò nínú omi."

Ìyá gbóòórùn rẹ̀. "Òkun ni eléyìí ti wá. Ó sì ti pẹ́ tó ti kúrò nílé."

"Ìyá, ẹ ò mà tíì rí i!"

"Ojú ni dókítà dì fún mi, kò di imú mi."

Agbáwo họrí. "Ẹ má bínú, mà. Ká sòótọ́, àrọ̀ kan wà láàyè nínú bàsíà lẹ́yìn. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta. Tí alásè bá ti gbé ọ̀bẹ, ẹja á na ìrù, alásè á fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Àní, a ti ń kí i ní 'ẹ káàárọ̀'."

"Mú mi lọ síbẹ̀."

"Ẹ ò ríran, mà!"

"Ẹja ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá fọwọ́ lé e léjìká, wọ́n wọ ilé ìdáná. Agbáwo ní kí òun kọ́kọ́ gbìyànjú. Pàà! Omi ń kán lára táì rẹ̀. Ìyá ki ọwọ́ bọ bàsíà jẹ́jẹ́, ó gbé ẹja jáde, ẹja dákẹ́ bí ọmọ tó ń sùn.

Kí ọmọ rẹ̀ tó ríbi gbé ọkọ̀ sí, ọbẹ̀ ti jinná, egungun nìkan ló kù nínú àwo, Ìyá sì ti lo oògùn.

"Ìyá, ẹ dákun, báwo lẹ ṣe dì í mú?" ni agbáwo bi í.

"Bí ìyàwó tuntun ni. O ò ní fún un lọ́rùn, o ò sì ní tú u sílẹ̀."

"Mi ò tíì níyàwó, mà."

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí. "Mo gbọ́ bí ẹja ṣe gbá ọ létí."