Ọkọ Àgbáyé

Kò sẹ́ni tó fi í joyè Ọkọ Àgbáyé. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́, tó sì ń bínú sẹ́ni tí ò bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn ló ń tà. Bí oníbàárà bá béèrè iye ọ̀kan, á kọ́kọ́ nawọ́ sí fọ́tò ìgbéyàwó tó gbé kọ́ sára ògiri.

“Ẹ wo ìgbéyàwó tó ń wọ orílẹ̀-èdè láì kanlẹ̀kùn!”

Oníbàárà á wò ó, á tún béèrè iye ilẹ̀kùn.

Nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fẹ́ ní kí àwọn lọ sí kóòtù ìtòsí. Díẹ̀ ló kù kó dákú.

“Kóòtù tí àbúrò mi lọ? Ìwé ibẹ̀, bó bá dé ẹnubodè, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni. Ìgbín tó máa rìn jìnnà kì í fi ìkarahun àná gbéyàwó.”

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti gbọ́ òwe yẹn. Ìgbín pàápàá ò gbọ́ ọ rí.

Ọgbọ́n tó dá nìyí. Odò ńlá kan ló pààlà sáàárín ilẹ̀ wọn àti ilẹ̀ kejì. Bí wọ́n bá so yìgì nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, láàárín odò gan-an, ilẹ̀ méjèèjì ló máa gbà á, ayé yòókù á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Atukọ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ó dé fìlà, ó ní wọ́n ti di tọkọtaya, ó sì ní kí wọ́n jókòó torí ìgbì ń bọ̀. Ìyàwó bì.

Àdúgbò ń pè é ní Ọkọ Inú Ọkọ̀ lẹ́yìn. Kò gbọ́, oyè ti dí i létí.

Bí inú bá ti bí i nílé, á ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ èmi lára ẹ! Ta ni ì bá mọ̀ ẹ́?” Ìyàwó á máa ka ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn kan lókè òkun gbà á síṣẹ́, wọ́n ní kó mú ọkọ rẹ̀ dání bó bá ní.

“Òkè òkun ránṣẹ́ pè mí o!” ni ọkọ ń kéde kiri. Ó ta ṣọ́ọ̀bù tilẹ̀kùn-tilẹ̀kùn, ó sì kó ẹbí lọ sí ọ́fíìsì físà, kí wọ́n lè fojú rí iyì. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wọn, tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, wà níbẹ̀.

Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà yẹ ìwé ìgbéyàwó wò.

“Ilẹ̀ wo lẹ ti ṣe é, sà?”

“Àárín méjì!” Ó pariwo, kí èrò ẹ̀yìn lè gbọ́.

“Ṣé ìjọba apá ibí mọ̀ sí i?”

“Rárá o! A ò bá wọn da nǹkan pọ̀.”

“Apá ọ̀hún ńkọ́?”

“A ò débẹ̀. Ọkọ̀ ṣẹ́rí padà.”

“Ṣé atukọ̀ yìí láṣẹ láti so èèyàn pọ̀?”

“Ó láṣẹ láti wa ọkọ̀.”

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. “Sà, ibi tí wọ́n bá ti ṣe ìgbéyàwó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ibòmíì tó mọ̀ ọ́n. Kò síbi tó mọ tiyín. Ẹ ò tíì gbéyàwó.”

“Kí ló wí?” Bàbá Kékeré béèrè.

“Ó ní wọn ò tíì fẹ́ra wọn, Bàbá,” àbúrò dáhùn.

“Látọjọ́ yìí?!” Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ọ.

“Ó ṣeé tún ṣe,” obìnrin náà wí. “Kóòtù á so yín pọ̀, tí ìyáàfin bá ṣáà ti gbà.”

“Ó gbà!”

“Ìyáàfin là ń bi, sà.”

Òógùn bo Ọkọ Àgbáyé. Ó yíjú sí ìyàwó, ẹnu rẹ̀ sì ń wá ọ̀rọ̀ dídùn tí kò bá a pàdé rí. “Olólùfẹ́ mi,” ló wí, “jọ̀ọ́, mo ti ta ṣọ́ọ̀bù.”

Ìyàwó yíjú sí káńtà. Ó bi obìnrin ibẹ̀ pé, “Ṣé ẹni tí ò lọ́kọ lè gba iṣẹ́ yẹn?”

“Ó tiẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà.”

“Ẹ bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀.”

Ó gba físà, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré. “Ẹ ṣeun tí ẹ sìn mí wá, Bàbá.”

Bàbá Kékeré gbọ́ ìyẹn ketekete. Ó gbọ́wọ́ lé e lórí. “Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́kọ gidi.”

Gbogbo èrò ṣe àmín. Ẹnu Ọkọ Àgbáyé náà ti ṣe é kó tó mọ̀.