Owó Ọ̀fun Ẹni Ẹlẹ́ni

Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n kọ sórí bébà tí obìnrin ilé àyẹ̀wò tì jáde lábẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin agékọ́kọ́rọ́ kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún mọ́ etí ẹ̀wù, ó tún un kà. Owó náà kò dín.

"Ọmọ mi, ẹran kan ṣoṣo ni dókítà yọ lọ́mú ìyàwó mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ."

"Mo rí i, bàbá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ gbowó gíláàsì mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mẹ́rin?"

Obìnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa pẹ́.

"Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ màmá máa jókòó síbi tó wà, àbí ó máa rìn lọ síbòmíì nínú ara. Purotéènì kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tí dókítà ní ká bá òun wá. Iṣẹ́ tí purotéènì yẹn ń ṣe ni pé..."

"Iṣẹ́ tó ń ṣe kò kàn mí. Iye tó ń gbà ló kàn mí. Báwo lẹ ṣe ń wá a?"

"Antibọ́dì la fi ń wá a. Inú ìgò kékeré ló wà. Bíi kọ́kọ́rọ́ ni: nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń bá mu. A máa fá ẹran màmá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, a máa kán antibọ́dì sí i. Tó bá rí ohun tá a ní kó wá, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn. A máa wá fi aró kan sí i, ibẹ̀ á sì pọ́n rúsúrúsú. Ibi tí kò bá ti rí i, búlúù ló máa wà."

"Bí irin tó dógùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Agékọ́kọ́rọ́ fajú ro. Látìgbà tó ti ń gé kọ́kọ́rọ́, kò sí ìròyìn ayọ̀ kan tó bá ìdógùn-ún wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí.

"Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ kan, ilé kan. Ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì, ọ̀fun ni."

"Ọ̀fun ìyàwó mi kò ní àrùn kankan. Ẹ bá a jiyàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí i."

"Kì í ṣe ọ̀fun màmá. Ọ̀fun ẹlòmíì ni."

"Ta ni?"

"A ò mọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ nígbà kan, ó ní ká máa lò ó. Ohun tá a ń wá yìí pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ìgbàkígbà tá a bá ṣe tẹnì kan, a máa ń ṣe ti ọ̀fun yẹn mọ́ ọn."

"Ẹni tí mi ò rí rí. Ó jókòó sílé rẹ̀, èmi ń sanwó ọ̀fun ẹ̀. Ṣé òun náà máa bá mi san owó iná ṣọ́ọ̀bù?"

"Bàbá."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n di nǹkan mú ná."

"Ẹ̀kẹta, ẹran màmá náà ni. Gbogbo ohun tá a ṣe fún ti àkọ́kọ́ la máa ṣe fún un, àmọ́ a ò ní kán antibọ́dì sí i."

"Kí lẹ máa wá kán sí i dípò ẹ̀?"

"A ò ní kán nǹkan kan sí i."

Agékọ́kọ́rọ́ wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí.

"Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ẹ gbowó. Iṣẹ́ tẹ́ ò ṣe, ẹ tún gbowó. Ogún ọdún ó lé tí mo ti ń ṣòwò, kò sẹ́ni tó fi irú ọjà yìí hàn mí." Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ fèrèsé. "Ti ìyàwó mi nìyẹn. Kí ọ̀fun wá san tiẹ̀. Èyí tẹ́ ò ní ṣe, ẹ má wulẹ̀ ṣe é."

"A kì í ṣe ọ̀kan láìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàbá. Gbèsè lẹ máa jẹ."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ yín. Èmi náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò jẹ yín."

Nígbà tó padà wá gbọ́ èsì, òun nìkan ló wá. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè jókòó síwájú ẹnikẹ́ni kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ òun jáde nínú bébà. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kò le: bó bá dáa, kó pè é lórí fóònù, kó súfèé. Bí kò bá dáa, kó má pè é rárá. Kó wálé, kó wẹ̀, kó jẹun, kí wọ́n tó sọ ọ́.

Obìnrin ilé àyẹ̀wò mú un wọ yàrá inú, ó fi í jókòó sórí àpótí gíga kan nídìí awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Ẹ gbójú lé e, bàbá. Ti màmá nìyẹn."

Ó wò ó. Búlúù ni gbogbo ẹ̀, tótòtó bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

"Kò síbi tó dógùn-ún?"

"Kò sí. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé..."

Fóònù ti wà létí rẹ̀. Ó ti ká ètè jọ, ìfé tín-ín-rín kan sì ti ń gbọ̀n jáde lẹ́nu rẹ̀ kí obìnrin náà tó rọ́ yí tábìlì ká.

"Bàbá, ẹ dá ìfé yẹn dúró."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Kì í ṣe ayọ̀."

Ohùn kan ń béèrè nǹkan nínú fóònù. Agékọ́kọ́rọ́ fẹnu lá ètè.

"Kò sí nǹkan," ó sọ sínú ẹ̀. "Eruku irin ni mò ń fẹ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́." Ó pa á. "Ẹ̀yin lẹ ní kò dógùn-ún."

"Bàbá, purotéènì yẹn, ọ̀rẹ́ wa ni. Òun ló máa ń di sẹ́ẹ̀lì mú sílé, kó má baà ṣí lọ kọ́lé sínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́sí, ẹ ní iye tó ń gbà ló kàn yín."

"Ó wá jẹ́ pé ìdógùn-ún yẹn gan-an la fẹ́."

"Òun la fẹ́."

"Kò sì sí níbẹ̀."

Àpótí gíga náà wá ga jù fún agékọ́kọ́rọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di etí tábìlì mú.

"Ṣé ó ti rìn, nígbà náà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí ná."

Ó pààrọ̀ gíláàsì. Agékọ́kọ́rọ́ tún gbójú lé e.

"Búlúù náà ni. Ta ló ni èyí?"

"Ọ̀fun ni."

"Ọ̀fun ẹni yẹn? Ẹ ní ó pọ̀ níbẹ̀."

"Ó pọ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n káàkiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ oníṣẹ́: àgádágodo kan wà lọ́wọ́ yín tó dáa, ẹ mọ̀ pé ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó ṣí i kò ṣí i. Kí lẹ máa sọ?"

"Màá ní kọ́kọ́rọ́ ló bàjẹ́. Mi ò tiẹ̀ ní gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Fíríìjì wa kọṣẹ́, antibọ́dì inú ìgò ti bàjẹ́. Ti màmá lè wà, ó lè má sí. A ò tíì mọ nǹkan kan, bàbá."

Agékọ́kọ́rọ́ padà sórí àpótí.

"Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ńkọ́? Kẹ́ ẹ fi ọ̀fun sílẹ̀?"

"Màá ti kọ ọ́ sí dókítà pé kò sí."

"Dókítà ì bá sì ti..."

"Ì bá gbà mí gbọ́."

Fíríìjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ń kùn níbi ògiri.

"A máa ra ìgò tuntun, a máa tún un ṣe," obìnrin náà wí. "Àwa la bà á jẹ́, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lé e."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, agékọ́kọ́rọ́ kò bi í léèrè iye tí wọ́n ń ta ìgò tuntun.

Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe jáde, agékọ́kọ́rọ́ kò dúró kí wọ́n kí i tán.

"Ọ̀fun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn mí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e sábẹ́ awò. Ó pọ́n rúsúrúsú láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀kùn géètì tí òjò ti ń pa láti ìgbà bàbá onílé.

"Ọ̀fun, o ṣeun. Èyí tẹ́ ò kán nǹkan sí ńkọ́?"

Búlúù ni, ó mọ́ tónítóní.

"Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé aró wa kì í dédé pọ́n," obìnrin náà ṣàlàyé. "Ó kan ti màmá."

Agékọ́kọ́rọ́ gbé ojú lé awò.

"Bàbá, ẹ lajú."

"Mo ń bọ̀."

Ó kọ́kọ́ la ọ̀kan. Yíká sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìlà kan wà tó pọ́n rúsúrúsú, bí etí ojú àgádágodo tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó la ojú kejì.

"Gbogbo etí ẹ̀ ló dógùn-ún."

"Kì í ṣe òun nìkan ni dókítà máa wò o, bàbá. Ìtọ́jú ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó sì pọ̀."

Ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ká ètè jọ, atẹ́gùn nìkan ló jáde. Ó tún gbìyànjú, atẹ́gùn náà ni.

"Ṣé kí n bá yín sú u?"

Ó mi orí. "Ó mọ tèmi."

Nígbà tí ìfé náà jáde, ó jáde gbọnrangandan. Nínú fóònù, ìdérí ìkòkò kan já bọ́ lulẹ̀, ó ń yí gbirigbiri. Obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì dá a dúró.

Agékọ́kọ́rọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin rèé, ti ọ̀fun."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Mẹ́rin míì rèé."

"Ti gíláàsì kẹta."

"Rárá o. Ti ọ̀fun náà ni. Ṣebí ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́."

"Mo ní ẹ̀ẹ̀kejì ò lówó nínú. Àwa la bà á jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Kí lọ̀fun bà jẹ́ níbẹ̀?"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí obìnrin náà tó ka owó náà tán.

"Bàbá, gíláàsì kẹta ṣì wà nílẹ̀ o. Kí lẹ san lórí ẹ̀?"

"Iye tẹ́ ẹ kán sí i."