Ọbẹ̀ Tí Kì í Rú Èéfín

Kò sí oúnjẹ lábẹ́ ọ̀run tí Do-sik kò tíì jẹ rí. Ẹ dárúkọ ẹja tí Ọlọ́run kò tíì dá, yóò ní òun jẹ ẹ́ níjẹta, iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀.

Irú ẹnu yìí ló gbé láti Seoul wá sí etíkun Jangheung nígbà òtútù, láti wá tọrọ Hye-ran lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Hye-ran ti bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀ pé kó dín ọ̀rọ̀ sísọ kù, torí baba òun kò fẹ́ aláròyé lána. Iṣẹ́ maesaengi ni baba náà ń ṣe, ewéko òkun tútù yọ̀yọ̀ kan tó tín-ín-rín ju irun ọmọ tuntun lọ, tí wọ́n ń já lára ọparun nínú omi tó tutù bíi yìnyín. Kí wọ́n tó jókòó tán, Do-sik ti ń kọ́ baba náà bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Baba tó ti ń ṣe é láti ogójì ọdún kàn ń wò ó ni.

Ìyá Hye-ran gbé ọbẹ̀ maesaengi kalẹ̀. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ nínú abọ́, kò rú èéfín kankan. Ọmọdé Jangheung pàápàá mọ̀ pé abẹ́ ni ọbẹ̀ náà ń fi iná rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé àna tí a kò fẹ́ là ń sè é fún.

“Màmá, ọbẹ̀ yìí ti tutù,” ni Do-sik wí. “Ẹ bá mi gbé e padà sórí iná. Àwa tá a mọ ọbẹ̀ òkun, gbígbóná la ń mu ún.”

“Rọra, ọmọ mi. Ó gbóná.”

“Màmá, ojú mi ò fọ́. Èéfín dà?”

Hye-ran tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Do-sik rò pé ìfẹ́ ni, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì da ẹ̀kún ṣíbí sẹ́nu.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Do-sik kò dúró lẹ́rẹ̀kẹ́, ọ̀nà ọ̀fun ló gbà lọ. Kò lè tu ú níwájú àna, ó bá gbé e mì. Omijé ń dà. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní adùn ọbẹ̀ náà ló rán òun létí ìyá òun. Ìyá rẹ̀ wà ní Seoul, ara rẹ̀ le koko, kò sì se maesaengi rí láyé rẹ̀.

Àánú ṣe ìyá Hye-ran. Òun náà nu ojú, ó sì bu abọ́ kejì láti inú ìkòkò tó ń hó lórí iná, ó ní kó mu ún tán. Do-sik gba abọ́ náà. Ó mu ún tán.

Àsìkò wá tó láti tọrọ ọmọ. Láti Seoul ló ti ń há ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó la ẹnu, ahọ́n tí ọbẹ̀ ti jó kò gbé. Ẹ̀rù bà á pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó kàn dọ̀bálẹ̀, ó forí kanlẹ̀.

Baba náà wo ìyàwó rẹ̀.

“Ó mà lè dákẹ́,” ni ó wí. “Mo ti gbà. Ẹ fẹ́ra yín.”

Ó wá yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀, ó ní òun yóò máa fi páálí maesaengi kan ránṣẹ́ lóṣooṣù.

“Tí o bá sè é fún un, má jẹ́ kó tutù.”