Okùn Tí Wọ́n Dìbò Yàn

Ọjọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó mi ní Dowa ò ní tán lọ́kàn mi láé, inú ṣì ń bí mi. Ayé rẹfolúsíọ̀n ni, ìgbà tí ìjọba ní ká yí ìlú padà, tí gbogbo wa ṣàdédé di kámáráàdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa, tí kò sí nǹkan kékeré tí wọn kì í pèpàdé lé lórí. Tàńtí, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ni agbẹnusọ wa, òun ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀ tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Bàbá ìyàwó kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ti ní bí a bá pẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní Tokpota, lójú ọ̀nà, ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kan dúró, ó lóun á fà wá. Mo ní kí ẹnìkan yá mi ní okùn náílọ́ọ̀nù tó lè nà díẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn? Ni alága kọ̀mítè ìjọba ládùúgbò bá yọ síta.

"Kámáráàdì, okùn tí a máa lò, gbogbo wa la máa yàn án. Ẹ jẹ́ ká jókòó."

Wọ́n jókòó lóòótọ́! Ẹnìkan ní okùn kànga, ẹlòmíì ní ṣéènì.

Mo pariwo sí alága: "Ẹ̀gbọ́n, ṣéènì kì í nà o, á fa nǹkan ya!"

"A ò tíì fún yín láyè àtisọ̀rọ̀, kámáráàdì."

Tàńtí yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé okùn lẹ fẹ́ fi jọba ni?" Wọ́n dìbò, ṣéènì ló wọlé.

Wọ́n so ó mọ́ irin gbọọrọ iwájú ọkọ̀ wa. Awakọ̀ akẹ́rù fà á lẹ́ẹ̀kan, gbàgà! Irin já kúrò, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, ọkọ̀ tiwa ò mira. Àwọn kámáráàdì ti pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó rí i. Awakọ̀ ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Alága ní ká tún jókòó.

Tàńtí pòṣé, ó bọ́ bàtà, ó ká ìró sókè, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Dowa. Èmi ò lè fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó dìbò fún okùn náílọ́ọ̀nù, tí ọkọ̀ mìíràn fi fà mí jáde.

Mo dé Dowa pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá ìyàwó dìde fún mi! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n jókòó sórí àga tòun. Wọ́n ti gbà láti fún wa níyàwó kí n tó dé.

Mo fa Tàńtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Kí ni mi ò bá sọ? Wọ́n bèèrè ọkọ ìyàwó, mo ní ó wà nípàdé kọ̀mítè."

Láti ọjọ́ náà, okùn tèmi ò kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ mi, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i kí n tó so ó. Ṣùgbọ́n títí àna mi fi kú, ó gbà pé èèyàn ńlá ni mí níjọba. Gbogbo ẹbí tó ń wáṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń rán wọn sí. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó sú mi.