Adìyẹ Inú Àmù Láníyọnu

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń wí pé, "Ẹni tó ra ẹ̀rọ amómitutù kì í fi àmù ta adìyẹ lọ́rẹ"? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Àmù ni ìkòkò amọ̀ tí a rì sínú iyanrìn tútù lábẹ́ ibòòji, tí ń mú omi tutù láìmu epo, láìjẹ iná. Ẹ̀rọ amómitutù ni àpótí funfun tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà, bí iná mànàmáná bá gbà fún un.

Ọjọ́ tí àpótí Láníyọnu dé ni ó da omi àmù nù, tí ó tẹ́ koríko sínú rẹ̀ fún àgbébọ̀ adìyẹ rẹ̀.

"Bàbá Ìbídùn, ẹ rọra o," ni Àwẹ̀ró aya rẹ̀ wí.

"Ayé ti lajú, Ìyá Ìbídùn!"

Kò pẹ́ ni àwọn òbí Akínkúnmi, àfẹ́sọ́nà Ìbídùn, ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ náà. Láníyọnu fèsì pé, "Omi ilé mi á mú eyín yín gbọ̀n rìrì." Bẹ́ẹ̀ sì ni àlejò kì í sọ ohun tó bá wá kí ó tó mu omi. Wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Iná ti lọ láti àná. Omi inú àpótí lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀kọ àárọ̀.

"Ẹ jẹ́ n fún wọn lómi kànga," ni Àwẹ̀ró wí.

"Lẹ́yìn gbogbo ẹnu tí mo fọ́n? Ó tì!"

Ó tan ẹ̀rọ amúnáwá. Èéfín rẹ̀ lé àwọn àlejò jáde sábẹ́ igi ọsàn. Ẹ̀rọ bú ramúramù, ó gbóná, ó kú. Láníyọnu mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ.

Àjàsá, bàbá Akínkúnmi, wò ó títí. "Àna wa, ẹ dákun, ẹ yí abẹ̀bẹ̀ yẹn sọ́dọ̀ wa. Àwa náà gbóná."

Láníyọnu kò gbọ́, ẹ̀rọ ló ń bẹ̀. Àjàsá dìde. "Ó ti yé wa. Ẹni tí kò fún wa lómi ti fi ọgbọ́n kọ̀ wá." Ìbídùn bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà.

Ni Àwẹ̀ró bá sáré lọ, ó gbé igbá omi kan dé. Àjàsá mu ún, eyín rẹ̀ gbọ̀n. "Háà! Ẹ̀rọ yín dára o!"

Láníyọnu fẹ́ gba ìyìn, ṣùgbọ́n Ìyá Akínkúnmi ti tọ́ omi náà wò. Amọ̀kòkò ni obìnrin náà. "Ẹ̀rọ wo? Amọ̀ nìyí!" Ó yí lọ sẹ́yìn ilé, ó rí àmù, ó dá àmì ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Adìyẹ sọ ọ́ lọ́wọ́.

"Yéè! Àna wa, adìyẹ ni ẹ sọ di olómi?"

Láníyọnu yíjú sí aya rẹ̀. "Níbo lo ti bu omi?"

"Àmù kékeré kan wà ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Omi tútù tí mò ń mu lálaalẹ́ ńkọ́, tí iná kì í sí?"

"Ibẹ̀ náà ni. Mo máa ń bu ú, mo sì máa ń gbé e sínú àpótí fún yín, kí inú yín lè dùn."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àwọn àlejò mu omi tán, wọ́n tọrọ Ìbídùn, wọ́n sì rí i gbà. Àmù ńlá nìkan ni Láníyọnu kò rí gbà: adìyẹ ti sàba lé ẹyin nínú rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni baálé fi bẹ̀ ẹ́.

Òwe yìí kò ní kí a má ra ẹ̀rọ o. Àmù kò lè tọ́jú ẹran di ọ̀tunla. Ẹjọ́ omi mímu nìkan ló dá. Lórí ìyẹn, ẹjọ́ ti parí: ẹni tó ra ẹ̀rọ amómitutù kì í fi àmù ta adìyẹ lọ́rẹ.