Tísà Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró Kí Àna Rẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Olóyè Àjàmú lẹ́yìn Dùgbẹ̀ lánàá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ olè. Ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ ni. Baba Àlíù ló pe ọkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́, Olúrótìmí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tísà físíìsì tó kàwé débi pé ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Mùsílímátù, ìyàwó tísà, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti gbà á padà sílé, ó ní kò ní lọ títí ọkọ rẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Ọkọ ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n méjì ń bá ara wọn jà, Mùsílímátù ni wọ́n ní kó máa sùn lórí ẹní. Ilé rẹ̀ ló fẹ́ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi í.

Olóyè ní kí Baba Àlíù rojọ́.

"Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi jẹ́jẹ́," ni Baba Àlíù wí. "Àna mi gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Dùgbẹ̀, ó kọjú sí Jericho. Ó wò mí lójú, ó sì kọjá lọ, níṣojú àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀."

"Tísà, ṣé o rí wọn?" ni Olóyè bi í.

"Mo rí wọn, Baba."

"Kí ló dé tí o kò kí wọn?"

"Ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, Baba. Ìṣirò náà ní ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ láti Dùgbẹ̀ dé Jericho, eré rẹ̀ kò sì yí padà. Bí mo bá dúró kí wọn, eré ti di òfo. Bí mo bá tún gbéra, eré á máa pọ̀ sí i. Ìṣirò mìíràn nìyẹn, a ò sì tíì débẹ̀ nínú ìwé."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè bóyá ọkùnrin inú ìṣirò náà kò ní àna ni. Tísà ní ìwé kò sọ. Mùsílímátù fọwọ́ bojú. Ó ti fẹ́ ẹ tán, kò sí ohun tó lè ṣe sí i mọ́.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Akínsànyà, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Baba Àlíù, ní kẹ̀kẹ́ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò yára sí i, kò falẹ̀. Àbẹ̀ḿbí oníkẹrosíìnì ní irọ́ ni, pé bí tísà ṣe rí àna rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ajá ń lé.

"Akínsànyà, ṣé ojú rẹ lo fi rí i?"

"Ojú mi ni, Baba. Mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe ń kọjá."

"Ojú lo fi gbọ́ ọ," ni Olóyè wí, ó sì ní kó jókòó. Lójú tirẹ̀, bí eré kò bá yí padà, iṣẹ́ ni tísà ń ṣe. Bó bá yára nígbà tó rí àna rẹ̀, ó sá ni.

Inú tísà dùn. Ó ní ẹ̀rí wà. Òun so agolo tó lu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, omi ẹfun ń kán sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, bákan náà sì ni àlàfo wọn máa rí bí eré kò bá yí padà. Òjò kò tíì rọ̀, kí ìgbìmọ̀ wá wò ó lójú títì. Mùsílímátù ń ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rí kì í wo ojú ìyàwó.

Gbogbo wọn jáde. Láti ọ̀nà Dùgbẹ̀, ẹfun tò lórí ọ̀dà bíi bọ́tìnì ara ẹ̀wù. Tísà ń yan níwájú. Wọ́n dé iwájú ilé Baba Àlíù, àlàfo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, èyí tó tẹ̀ lé e tún gùn jù ú lọ, títí màlúù fi lè sùn sí àárín méjì.

"Tísà, kí lẹ ń pe èyí?"

"Eré tó ń pọ̀ sí i, Baba."

"Èyí tí ẹ ò tíì dé nínú ìwé. Kí lo sá fún?"

Ohùn tísà wálẹ̀. "Bí mo bá kí wọn, wọn á ní kí n jókòó gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì. Mi ò gbọ́ òpin rẹ̀ rí, Baba, àwọn bàbá àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìgbìmọ̀ wúkọ́. Ó kéré tán, ẹni méjì nínú wọn ló ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nítorí ogun yẹn.

Olóyè ronú díẹ̀. "Ohun tó dúró sójú kan, kí ni eré rẹ̀?"

"Òfo ni, Baba."

"Bó bá wà níbẹ̀ títí dalẹ́, ṣé eré náà yí padà?"

Ó wu tísà kó purọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò jẹ́. "Kò yí padà, Baba."

"Eré tí o fẹ́ràn nìyẹn. Dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ mira títí àna rẹ yóò fi parí ogun Kírìjì. Mùsílímátù kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kó máa lọ sílé rẹ̀."

Tísà dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná. Baba Àlíù fa àga súnmọ́ ọn. Ó ní ká tó dé orí ogun, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe tẹ Ìbàdàn dó.

Mùsílímátù kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí. Ọkọ rẹ̀ gbórí sókè, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra," ni Mùsílímátù wí. "Bí ẹ bá mira, eré yín á yí padà."

Ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.